Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: irinṣẹ́ Bayes fún ìbàdí àti BP ní Kubwa

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, l'Abuja, máa ń ṣèpàdé lóṣooṣù, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wọn a sì máa yẹ BP ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì náà. Àwọn ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi tépù wọn ìbàdí pẹ̀lú, torí wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ikùn wọn yọ ni BP wọn sábà máa ń ga. Ìbéèrè tí wọ́n gbé wá bá mi kò gùn: láàárín àwa tí a wà níbí, báwo ni ìbàdí àti BP ṣe ń bára wọn rìn tó, báwo ló sì ṣe yẹ kó dá wa lójú tó? Wọ́n fẹ́ kí n kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí àwọn fúnra wọn á lè máa lò. Ohun tí mo kọ, àti ìdí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ló wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹlòmíì tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Kàdúná tàbí ní Jos lè ríbi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa rí níbí, dátà àtọwọ́dá ni wọ́n. Èmi ni mo ṣe wọ́n láti fi dán irinṣẹ́ náà wò. Dátà àwọn èèyàn gan-an kò ní jáde nínú àkọsílẹ̀ yìí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú fáìlì wa, nọ́ńbà káàdì nìkan ló wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì. Títí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò yóò fi fún wa níwèé àṣẹ, iṣẹ́ yíyẹ ara wò lásán ni tiwọn, iṣẹ́ kíkọ́ irinṣẹ́ sì ni tèmi.

Ohun tí r ń sọ, àti ohun tí kì í sọ

Nọ́ńbà tí àwọn oníwádìí ń lò fún irú ìbéèrè yìí ni r, èyí tí wọ́n fi orúkọ Karl Pearson pè. Láàárín -1 sí 1 ló máa ń wà. Bó bá jẹ́ òdo, títóbi ìbàdí kò fi bí BP ṣe máa ga tó hàn wá lójú ìlà tààrà. Bó bá jẹ́ 1, àwọn méjèèjì jọ ń gòkè láìyẹsẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 84 la wọ̀n, tí r sì jẹ́ 0.31. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí á kọ 0.31, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan lé e lórí pé ó ṣe pàtàkì, wọ́n á sì kọjá síwájú. Ohun tí ìràwọ̀ yẹn ń sọ ni pé, ká ní kò sí ìbáṣepọ̀ kankan rárá láàárín ìbàdí àti BP, ó máa ṣọ̀wọ́n kí a tó rí dátà tó rí báyìí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò béèrè ìyẹn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Àbúrò, pẹ̀lú ohun tá a rí yìí, ṣé mo lè sọ fáwọn èèyàn pé ó ju 0.2 lọ? Kí ló ṣeé ṣe kó jẹ́?"

Ìbéèrè tó ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì wá yìí ni ìbéèrè Bayes. Thomas Bayes jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1761, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price ló rí ìwé tó kọ sílẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1763. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ohun tí a ti gbà kí dátà tó dé, tí àwọn oníṣirò ń pè ní prior, la máa pa pọ̀ mọ́ ohun tí dátà sọ, ohun tó bá jáde nínú àpapọ̀ náà la gbà báyìí. Ohun tó ń jáde kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Gbogbo iye tí r lè jẹ́ ni, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ṣeé ṣe tó.

Kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì rí i lórí ìwé. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò dátà, ló fi ọ̀nà hàn wá: bí a bá tẹ tanh⁻¹ lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù, r á di nọ́ńbà mìíràn tó ń jẹ́ z, z yìí sì rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Ìwúwo ẹ̀rí tó wà nínú dátà fún z jẹ́ iye èèyàn tí a wọ̀n, ká yọ 3 kúrò. Fún èèyàn 84, ìwúwo náà jẹ́ 81. r tó jẹ́ 0.31 di z tó jẹ́ 0.3205.

Ó wá kan prior. Mo fi í sí òdo, mo sì fún un ní ìfọ́nká (bí àwọn iye ṣe sábà máa ń jìnnà sí àárín wọn tó) 0.5 lórí z, tí ìwúwo rẹ̀, ìyẹn 1 tí a pín sí 0.5 lọ́nà 0.5, fi jẹ́ 4. Ní èdè r, ìyẹn ni pé kí a tó wọn ẹyọ ẹnì kan, a gbà ní ìdá 95 nínú 100 pé ìbáṣepọ̀ náà wà láàárín -0.75 sí 0.75. Mo dúró lórí èyí gan-an. Ohun méjì tó yàtọ̀ síra nínú ara èèyàn kì í sábà bára wọn rìn ju ìyẹn lọ, àti pé prior tó bá sọ pé 0.95 àti 0.15 ṣeé ṣe bákan náà ń sọ ohun tí kò sí nọ́ọ̀sì kan tó máa gbà gbọ́.

Àpapọ̀ rẹ̀ rèé: 81 lọ́nà 0.3205, kún 4 lọ́nà òdo, ká pín in sí 85. Ó jẹ́ 0.3054. Ká yí i padà sí r, ó di 0.30, ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ sì wà láàárín 0.09 sí 0.48. Ìṣeéṣe pé ìbáṣepọ̀ náà ju òdo lọ kọjá 99 nínú 100. Ìṣeéṣe pé ó ju 0.2 lọ jẹ́ bí 83 nínú 100. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè Ìyá Ìbejì. Ìràwọ̀ orí 0.31 kò lè sọ ọ́ láéláé.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n fi 12 rọ́pò 84, kí r ṣì jẹ́ 0.31. Ìwúwo dátà já wálẹ̀ sí 9. Bí a kò bá lo prior, ibi tí r lè wà á bẹ̀rẹ̀ láti -0.32 títí dé 0.75, tó fi hàn pé kò sí nǹkan kan tí a tíì mọ̀. Pẹ̀lú prior, àárín rẹ̀ sún mọ́ 0.22, ìṣeéṣe pé ó ju òdo lọ sì jẹ́ bí 79 nínú 100. Ẹ wo bí prior ṣe fọwọ́ pẹ́lẹ́ fà á sẹ́yìn nígbà tí èèyàn kéré, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan nígbà tí èèyàn pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kékeré náà ní, "Ìyẹn ni pé kò jẹ́ kéèyàn tètè pariwo." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Kíkà ẹ̀ẹ̀kan

Ká ní ibi tí iṣẹ́ parí sí nìyẹn, bírò nìkan ni à bá lò. Ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni pé BP kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá láti ibùdókọ̀, tí kò tíì jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ńbà òkè rẹ̀ (èyí tó tóbi nínú nọ́ńbà BP méjèèjì) á ga. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, á ga. Ẹni tó ń bẹ̀rù aṣọ funfun, á ga. Lọ́jọ́ kejì, kó wálẹ̀.

Mo wá dá àwọn èèyàn àtọwọ́dá sínú kọ̀ǹpútà, tí èmi fúnra mi mọ òótọ́ wọn nítorí èmi ni mo dá wọn. Mo pinnu pé ìbáṣepọ̀ tòótọ́ láàárín ìbàdí àti nọ́ńbà òkè jẹ́ 0.40. Ìfọ́nká BP tòótọ́ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì jẹ́ 15, yíyẹ̀ láti kíkà kan sí kíkà mìíràn lára ẹnì kan náà sì jẹ́ 10. Bí a bá wọn oníkálukú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, r tí a máa rí kò ní jẹ́ 0.40. Bí 0.33 ló máa jẹ́. Kò sí iye èèyàn tó lè tún èyí ṣe. Ẹ wọn gbogbo Kubwa tán, títí dé Nyanya, 0.33 ni, ó kàn máa dá yín lójú sí i ni. Charles Spearman ti rí èyí ní 1904, ó sì fi bí a ṣe ń tún un ṣe sílẹ̀: ẹ pín r tí ẹ rí pẹ̀lú gbòǹgbò ìṣedéédéé ìwọ̀n yín, ìyẹn ìdá tó jẹ́ ti BP tòótọ́ nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹ rí. Nínú àpẹẹrẹ wa, 225 (15 lọ́nà 15) nínú 325 (225 kún 10 lọ́nà 10) ni ìṣedéédéé kíkà kan, ìyẹn 0.69, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.83, 0.40 lọ́nà 0.83 ló sì fún wa ní 0.33.

Bí a bá ka BP lẹ́ẹ̀mejì tí a sì mú ìpíndọ́gba, r á gòkè sí 0.36. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, 0.38. Ṣùgbọ́n kíkà méjì lórí ìjókòó kan kò dọ́gba pẹ̀lú kíkà méjì ní ọjọ́ méjì, torí ohun tó bá gbé BP ẹni sókè lọ́jọ́ yẹn wà nínú kíkà méjèèjì. Èyí gan-an ló jẹ́ kí Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ ara wọn tún káàdì ṣe: kíkà méjì nínú ìpàdé kan, àti àyè fún ìpàdé tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro ọ̀nà Spearman ni pé ó gba pé a mọ ìṣedéédéé náà dájú. A kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ń díwọ̀n rẹ̀ láti inú àwọn èèyàn díẹ̀ tó padà wá ni, nígbà mìíràn nọ́ńbà tí a tún ṣe yẹn lè kọjá 1, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bayes kò ní ìṣòro yìí, torí gbogbo ohun tí a kò mọ̀ ló jọ wà nínú ìṣirò kan náà, àìdánilójú èyí sì ń wọ inú àìdánilójú tọ̀hún.

Ètò tí mo lò ni Stan, tó ń ṣe ìṣirò Bayes, láti inú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, bí èèyàn bá sì ti gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Stan jáde ní 2012. Orúkọ Stanislaw Ulam, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ọgbọ́n Monte Carlo (fífi nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ṣe ìṣirò) sílẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́. Módẹ̀lì náà kò gùn. Ó ní oníkálukú ní BP tòótọ́ kan tí a kò rí rí. Ó ní BP tòótọ́ yìí àti ìbàdí ẹni náà jọ wá láti inú àpapọ̀ kan tó ní ìbáṣepọ̀ rho. Ó ní kíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ BP tòótọ́, pẹ̀lú yíyẹ̀ ọjọ́ náà, àti yíyẹ̀ ìjókòó náà. Rho la ń wá. Prior tirẹ̀ níbí ni LKJ, prior tí wọ́n ṣe fún ìbáṣepọ̀, tí Lewandowski, Kurowicka àti Joe gbé jáde ní 2009. Mo fi iye rẹ̀ sí 2, tí ó fi ń sún rho díẹ̀ sí òdo láìdí i lọ́nà. Àǹfààní LKJ á hàn nígbà tí wọ́n bá fi ohun kẹta kún un, bí ọjọ́ orí tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, torí ó mọ bí ìbáṣepọ̀ mẹ́ta ṣe gbọ́dọ̀ bára wọn mu.

Ibi tó gba sùúrù jù nìyí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ní kíkà kan tàbí méjì péré, Stan, tó máa ń rìn káàkiri àwọn iye tó ṣeé ṣe láti kó àpẹẹrẹ wọn jọ, kò rí ọ̀nà rìn dáadáa. Ibi tí ó fẹ́ rìn rí bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò: òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún, ìṣísẹ̀ tó dára lókè sì ti gùn jù fún ìsàlẹ̀. Stan máa ń kìlọ̀ bí èyí bá ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú fo ìkìlọ̀ yẹn, torí ibi tó fún yẹn gan-an ni àwọn iye tí kò ní hàn nínú èsì yín máa ń wà. Ohun tó tún un ṣe ni pé kí a má ṣe wá BP tòótọ́ tààrà. Kí a wá iye tí oníkálukú fi yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba lórí òṣùwọ̀n tí òdo jẹ́ àárín rẹ̀, tí ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ìfọ́nká gan-an ká wá fi lù ú lẹ́yìn náà. Ìṣirò kan náà ni, ọ̀nà tí Stan ń gbà rìn ló yàtọ̀. Ìkìlọ̀ náà lọ, ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ìrìn Stan mẹ́rin tó ń sáré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sì pàdé síbì kan náà, tí R-hat, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá wọ́n gbà síra, wà lábẹ́ 1.01.

Àyẹ̀wò tí mo kà sí jù lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo dá àwọn Kubwa àtọwọ́dá sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rho tirẹ̀, mo sì jẹ́ kí módẹ̀lì máa wá a. Bí ó bá ní ìdá 90 nínú 100 ni òun fi dájú pé rho wà láàárín nọ́ńbà méjì kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nínú nǹkan bí 90 nínú gbogbo 100. Ó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní gbé irinṣẹ́ kankan fún nọ́ọ̀sì láìṣe àyẹ̀wò yìí.

Aṣọ apá

Mo rò pé módẹ̀lì ti tó báyìí. Ìyá Ìbejì wo àwòrán rẹ̀ lórí ìwé, wọ́n fi ìka sí ibi tí mo kọ "yíyẹ̀" sí, wọ́n ní, "Ẹ gbà pé yíyẹ̀ yìí kò mọ ẹni tó ń bá jà. Ó mọ̀ ọ́n o."

Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá wá, èyí tó ń wú bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n dì í mọ́ apá ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó wé dáadáa, ó tún ṣẹ́kù. Wọ́n dì í mọ́ apá màmá kan tó sanra, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdé, ó ń yọ bọ́ bí ó ti ń wú. Aṣọ tó bá kéré ju apá lọ máa ń jẹ́ kí BP ga ju bó ṣe rí lọ. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, là á sílẹ̀ pé aṣọ àgbàlagbà lásán wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27 sí 34, èyí tó tóbi sì wà fún 35 sí 44. Ìbàdí títóbi àti apá títóbi sì jọ ń rìn ni. Nítorí náà, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ tóbi jù lọ ni aṣọ kékeré máa ń purọ́ mọ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi í sínú dátà àtọwọ́dá. Ìfọ́nká ìbàdí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Ìbáṣepọ̀ 0.40 túmọ̀ sí pé bí ìbàdí bá fi sẹ̀ǹtímítà kan lé sí i, nọ́ńbà òkè á fi 0.5 lé sí i. Mo wá jẹ́ kí aṣọ kékeré náà fi 0.2 kún un fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Módẹ̀lì mi tó gbayì yẹn, tó ti tún yíyẹ̀ ṣe, fi ìdánilójú sọ pé rho jẹ́ 0.52. Irọ́ ni. Bí a ka BP wọn nígbà ogún, 0.52 náà ni, torí aṣọ kan náà la fi ń kà á.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé, bí a bá ka BP lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú aṣọ kékeré yẹn, r á jẹ́ 0.44. Yíyẹ̀ fà á wálẹ̀, aṣọ tì í sókè, ó wá sún mọ́ 0.40 bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá rí 0.44 nínú ìwádìí tirẹ̀, tó sì rí nǹkan tó jọ ọ́ nínú ìwé ẹlòmíì, á gbà pé iṣẹ́ òun dára. Ẹni tó bá wá fi tọkàntọkàn tún ìdajì ìṣòro náà ṣe, tó ka BP lẹ́ẹ̀mẹrin láìpààrọ̀ aṣọ, èsì tirẹ̀ á wá jìnnà sí òótọ́ ju ti ẹni tí kò ṣe wàhálà kankan. Kò sí ìṣirò tó lè rí èyí látinú dátà nìkan. Ẹni tó di aṣọ mọ́ apá ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ni a ṣe fi ohun méjì kún un. Èkíní, wọ́n ra aṣọ ńlá, wọ́n sì ń fi tépù wọn apá kí wọ́n tó mú aṣọ. Èkejì, fún àwọn káàdì àtijọ́ tí aṣọ kan ṣoṣo wà nígbà náà, mo fi iye tí aṣọ kékeré ń fi kún BP sínú módẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kò mọ̀ dájú, tí prior rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Wọ́n fi aṣọ kékeré àti aṣọ ńlá wọn ara wọn àti àwọn tó gbà kí wọ́n ṣe é fún wọn, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ló di prior. Ibi tí rho lè wà fẹ̀ sí i lẹ́yìn èyí, kò dín kù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ìmọ̀ wa nípa àwọn káàdì àtijọ́ kò tó bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀, èsì sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Tépù àti ìró

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí a wọn ìbàdí ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí. Lórí ìwé, ó rọrùn. Ní ìpàdé ọmọ Yorùbá ní ọjọ́ Àìkú, màmá wọ bùbá, ó ró ìró méjì, kókó ìró wà níbi tí tépù yẹ kó gbà kọjá gan-an. Lórí aṣọ, sẹ̀ǹtímítà á lé. Àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá rọrùn díẹ̀, wọ́n á gbé e sókè. Ṣùgbọ́n àwọn náà a máa fa ikùn wọlé. Wọ́n ta aṣọ sí igun kan, nọ́ọ̀sì obìnrin ń wọn àwọn obìnrin níbẹ̀, lára, nígbà tí ẹni náà bá mí síta tán. Ní oṣù ọyẹ́, tí aṣọ máa ń pọ̀ lára èèyàn, wọ́n ti kọ ọ́ sí káàdì pé kí wọ́n má ṣe wọ̀n ọ́n lórí súwẹ́tà. Fún módẹ̀lì, mo fún ìbàdí náà ní yíyẹ̀ kékeré tirẹ̀, torí wọ́n wọn àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ méjì.

Òdo inú ìwé àtijọ́

Ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ń kọ BP sí kí ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tó dé, nígbà tí wọ́n ń fetí gbọ́ ọ. Mo ṣí ojú ewé kan. Òdo ló parí gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀. Kárí ayé ni àwọn tó ń fetí wọn BP ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èyí máa ba r jẹ́ gidigidi, mo sì múra láti fi sínú módẹ̀lì pé 120 lè jẹ́ ohunkóhun láàárín 115 sí 125.

Ìṣirò sọ nǹkan míì. Fífa nọ́ńbà sí ẹ̀wá tó sún mọ́ ọn ń fi ìfọ́nká tí kò tó 3 kún ìwọ̀n, nígbà tí yíyẹ̀ ti ara èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ 10. r á bọ́ láti 0.333 sí 0.329. Kò tó nǹkan. Ibi tí òdo wọ̀nyẹn ti ń ṣe jàǹbá ni ẹnu ààlà 140, níbi tí 136 á ti di 140, tí wọ́n á sì sọ fún ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé ó ní in. Ti ìṣirò ìbáṣepọ̀ wa, mo fi í sílẹ̀ nínú módẹ̀lì torí kò ná mi ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n mi ò ní lo ọ̀sẹ̀ kan lé e lórí.

Ọjọ́ orí

Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ìbàdí ń tóbi, BP náà ń gòkè. Apá kan lára 0.40 yẹn lè jẹ́ ti ọjọ́ orí. Ká ní ìbàdí àti ọjọ́ orí jẹ́ 0.3, BP àti ọjọ́ orí jẹ́ 0.5: bí a bá yọ ọjọ́ orí kúrò, 0.40 á di 0.30. Módẹ̀lì ń gbé méjèèjì jáde, ó sì kọ ọ́ kedere èwo lèwo. Ìbáṣepọ̀ kì í sọ ohun tó fa ohun, mo sì kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ ojú ewé èsì ní Yorùbá, torí mo mọ̀ pé ìwé náà á kúrò lọ́wọ́ wa lọ sọ́wọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń jíròrò.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn nọ́ọ̀sì ní. Wọ́n á fi fáìlì káàdì sí i, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ó ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀, iná ì báà lọ, bátìrì gbà á. Ohun tó ń jáde ni àwòrán kan tó rí bí òkè, tó fi gbogbo iye tí rho lè jẹ́ hàn, gbólóhùn mẹ́ta ní Yorùbá, àti ìlà pupa bí Stan bá kìlọ̀. Bí ìlà pupa bá yọ, kò ní gbé nọ́ńbà kankan jáde. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, torí nọ́ńbà tó bá ti jáde, èèyàn á lò ó.

Ohun tí n kò tíì kọ ni ti àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ti fa BP wọn wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ṣeé ṣe kó ga jù tẹ́lẹ̀. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, a ti yọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fa rho wálẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ni pé kí módẹ̀lì mọ̀ pé BP wọn láìsí oògùn kò lè kéré ju èyí tí a kà lọ, kó sì wá èyí tó kù fúnra rẹ̀. Káàdì tuntun ti ní àyè fún un: orúkọ oògùn, àti aago tí ẹni náà lò ó kẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ló fi ti aago kún un. Wọ́n ní àwọn mélòó kan kì í lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí ó má bàa máa gbé wọn dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.